Yéjídé àti Kọ́kọ́rọ́ Ìwé Fíríìjì Pónyàn

Ẹni tó bá ń wá Yéjídé ní Kábà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ sílé. Orí òrùlé ni kó gbójú sí. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, àmọ́ bó bá ti so àpò irinṣẹ́ mọ́ ìbàdí, tó gbé páànẹ́lì sólà lé èjìká, kálukú á yà fún un lọ́nà. Àwọn kan máa ń dúró sísàlẹ̀, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ìyàwó ta nìyí?" Á sì dá wọn lóhùn láti òkè pé, "Iná yín ni kí ẹ bèèrè, ẹ má bèèrè ọkọ mi." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Martha ni orúkọ ìyá yìí, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn ti àṣẹ pípa. Òfin kan wà nínú ilé rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rú u: kọ́kọ́rọ́ kì í gbé inú àpò ẹnìkan. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, orí ìṣó yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé máa ń wà, àti ti yàrá, àti ti àká iṣu. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, aládùúgbò tó fẹ́ yá odó, kálukú á na ọwọ́, á mú un, á sì dá a padà síbẹ̀. "Ẹni tó bá ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún ará ulé rẹ̀," Martha á wí, "ẹ bi í ní nǹkan tó jí." Inú ilé báyìí ni Yéjídé dàgbà sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣó yìí sọ́kàn, torí ó ń bọ̀ wá ṣe nǹkan.

Ní Pónyàn, ní ìhà Yàgbà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ra fíríìjì kan fún ilé ìwòsàn kékeré ìlú wọn, èyí tí wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Yéjídé ni wọ́n pè láti wá fi sólà sí i. Ó gbé páànẹ́lì náà kalẹ̀ sẹ́yìn ilé lórí irin tí kò ga ju àyà ènìyàn lọ, ó sì kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, èyí tí ń pín iná láàárín páànẹ́lì, bátìrì àti fíríìjì. Ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú àpótí yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn rí, ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, àwọn kan náà ló sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá.

Ní ọdún àkọ́kọ́, fíríìjì náà ń tutù nini. Àmọ́ ọyẹ́ ọdún kejì kò mọ ẹni tó ń bá ṣeré. Eruku bo ilẹ̀, àwọn ọdẹ tún ń sun igbó, eérú dúdú ń fò káàkiri bí eṣinṣin. Páànẹ́lì bò, bátìrì rẹ̀wẹ̀sì, fíríìjì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì Lois, tó ń bójú tó ilé ìwòsàn náà, sáré kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìsánlú. Láti ìgbà náà, ìyá tó bá fẹ́ gbọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní láti pọn ọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìsánlú nínú eruku. Àwọn mìíràn kò lọ rárá.

Nígbà tí Yéjídé dé, ó fi ìka kan nu ojú páànẹ́lì, ó gbé ìka náà sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó. Eruku lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

Lois fà á lọ́wọ́. Obìnrin yìí kì í fi nǹkan jáfara, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ka ìwé náà sí i létí: "Ẹ má fọwọ́ kan ojú páànẹ́lì. Òjò ni yóò máa fọ̀ ọ́."

"Òjò wo? Nínú oṣù Èrèlè?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn tí Màmá Rejoice, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fi wọlé. "Okun o, ọmọ mi. Okun ọ̀nà," ó kí i. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí. Ó ní ẹgbẹ́ wọn ti ra ẹ̀rọ ìlọta kan rí, ẹnìkan wá, ó lóun mọ̀ ọ́n, ó tú u, kò sì mọ̀ ọ́n dì mọ́ títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pinnu pé ohun tí ìwé bá wí nìkan làwọn ó máa ṣe. "Bí ìwé bá yí ohùn padà, àwa náà á yí. Àmọ́ bí kò bá yí, ìpàdé wa di ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù yìí. Lọ́jọ́ náà la ó dá fíríìjì padà fún ẹni tó tà á, a ó sì sọ fún ẹni tó bá bi wá pé iṣẹ́ tí o ṣe fún wa kò jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Yéjídé wọnú eegun. Ìlú Mákútù ti ní kó wá ṣe tiwọn, ìlú Amùrò náà ti ń bèèrè rẹ̀. Bí Pónyàn bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ni ó tún kù? Wọ́n á ní, "Àwa ti sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni." Ó wọ mọ́tò padà sí Kábà.

Ó kọ ímeèlì sí àwọn tó ni ìwé. Ẹni tó dá a lóhùn ni Adétutù, obìnrin kan tó ń gbé ní Ìbàdàn, òun ló ń ṣọ́ apá Yorùbá inú ìwé náà. Èsì rẹ̀ kò gùn: "Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ òjò yẹn kò bá ilẹ̀ yín mu. Ìwé náà kò ní ẹnìkan tó ni ín, gbogbo wa la ni ín. Ẹ kọ àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá."

Yéjídé ka èsì náà fún ìyá rẹ̀. Martha yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwé tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ? Ìwé nìyẹn àbí ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́?"

Yéjídé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí òun ti kà: Gíìtì ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Kálukú á mú ẹ̀dà ìwé náà, á tún tirẹ̀ ṣe, á gbé e wá fún àwọn olùṣọ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, bó bá dára, wọ́n á gbà á wọlé. Gíìtì kì í gbàgbé nǹkan: ẹni tó kọ gbólóhùn kan, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní kó yí i padà, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀.

"Tò," ni Martha wí. "Àròkọ ni, tíṣà á sì fi bíírò pupa sí i. Ìyẹn yé mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àtijọ́ tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀. Ó forúkọ sílẹ̀, ó ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, ó dé ibi tí wọ́n ti ní kó ṣe kọ́kọ́rọ́, èyí tí kì í ṣe irin, bí kò ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tò lọ gbọọrọ. Kọ̀ǹpútà náà bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìbejì. Ọ̀kan ni yóò fi sọ́dọ̀ àwọn olùṣọ́ ibi ìpamọ́ ìwé, kí wọ́n lè máa dá a mọ̀ bó bá kanlẹ̀kùn. Ìkejì jẹ́ tirẹ̀ nìkan, òun ni yóò fi máa ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kó má fún ẹnikẹ́ni. Yéjídé kà á. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àwọn olè ni wọ́n ń bá wí. Ará ilé ẹni kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ sólà ilẹ̀ Okun ní ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Àáró ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: bí iṣẹ́ ńlá bá já lé ẹnìkan lọ́wọ́, àwọn yòókù á wá bá a gbé e, òun náà á sì lọ bá wọn gbé tiwọn. Olúwagbémiga ní Mọ́pà wà níbẹ̀, Ṣèyífúnmi ní Ìyàrá náà wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn tí Yéjídé kò tíì rí sójú. Ó rò ó pé ọjọ́ ìpàdé Pónyàn ti sún mọ́lé, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà. Ó kọ̀wé sí wọn pé, "Ẹ̀yin ará, okun o. Ó di àáró. Ẹ wá bá mi kọ ìwé. Kọ́kọ́rọ́ rèé." Ó da kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ náà sáàárín ẹgbẹ́, ó tún fi bí wọ́n á ṣe lò ó tẹ̀ lé e. Ó so ó kọ́ ìṣó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ojú ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ àti omi tútù fọ páànẹ́lì lọ́sàn-án gangan, kó lè tètè gbẹ. Adétutù dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan péré: dígí tó ti yá oòrùn láti àárọ̀, bí omi tútù bá kàn án lójijì, kò ní sán bí?" Yéjídé gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ọmọ ta ni kò rí bí dígí láńtáànì ṣe ń ṣe bí omi bá ta sí i? Ó yọ ọ̀sán gangan, ó fi àárọ̀ kùtù sí i, kí oòrùn tó mú. Inú rẹ̀ dùn. Ó gba orí òrùlé lọ.

Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, ilé ti dàrú. Olúwagbémiga ti wọlé, ó fi gbólóhùn tó dára kan sí i pé kí wọ́n má ṣe sá ilá tàbí èlùbọ́ sórí páànẹ́lì, torí ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń sá a. Àmọ́ ó tún kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Fún sólà tó dájú, ẹ pe Gbémiga, Mọ́pà," tòun ti nọ́ńbà fóònù. Ṣèyífúnmi fẹ́ tún ibì kan ṣe, ó pa ìdajì iṣẹ́ náà rẹ́, ó wá fi àdúrà dí àyè rẹ̀. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ títí dòní sì da ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sáàárín gbogbo rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo iṣẹ́ yìí: Yéjídé.

Adétutù bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ̀wé níbí?"

Yéjídé fi tọkàntọkàn dáhùn: "Àwa ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fún àwọn ará wa ní kọ́kọ́rọ́ kí iṣẹ́ lè yá."

Èsì tó padà wá kò ní ẹ̀rín nínú mọ́. "Mo ti ti ojú ìwé yín pa. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lónìí yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́wọ́ lè fi orúkọ yín ṣe ohun tó bá wù ú, a ò sì ní mọ̀. Ìwé tí a kò bá mọ ẹni tó kọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Yéjídé yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ìdí ìṣó ilé ìdáná, ó bú sẹ́kún. Ojú tì í. Ó ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, wọ́n fún un, ó sì fi ẹrẹ̀ yí i. Ọjọ́ Àìkú ń bọ̀. Nígbà tí Martha wọlé wá mú kọ́kọ́rọ́ àká, Yéjídé gbójú sókè, ó sọ ohun tí kì í bá sọ ní ọjọ́ mìíràn: "Màmá, ìṣó yín yìí ló kó bá mi."

Martha kò bínú. Ó fa àpótí kan sọ́dọ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó ní kó rò ó fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rò ó tán, ìyá bi í ní ìbéèrè.

"Nígbà tí wọ́n bá ń wá ṣe àáró lóko bàbá rẹ," ó wí, "ta ló ń wá ọkọ́ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó ń wá a fún wọn. Kálukú ló ń gbé tirẹ̀ wá."

"Oko kan náà ni wọ́n ń ro, àbí oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

"Oko kan náà ni."

"Bí ebè bá wọ́ ńkọ́?"

Yéjídé nu ojú rẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Bàbá á mọ ẹni tó kọ ọ́. Á ní, 'Lágbájá, padà síbí.'"

"Tò. Ilẹ̀kùn ulé ni mo kan ìṣó fún. N kò kan ìṣó fún ọkọ́ ẹnikẹ́ni." Martha dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ àká rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Yéjídé kọ̀wé sí Adétutù. Ó tọrọ àforíjì, kò fi nǹkan kan pamọ́, ó sọ ti ìṣó, ó sọ ti àáró, ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì lè gba òun, ẹni mẹ́ta làwọn ó jẹ́, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí èsì fi dé. "Ẹ̀yin ará Okun ẹ pa mí lẹ́rìn-ín," ni Adétutù kọ. "Mo ń retí ọkọ́ mẹ́ta."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gbémiga wá láti Mọ́pà, Ṣèyífúnmi wá láti Ìyàrá, wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Martha. Kálukú forúkọ sílẹ̀, kálukú ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Gbémiga fẹ́ na ọrùn wo ti Ṣèyífúnmi, Martha fi abẹ̀bẹ̀ gbá a léjìká. Yéjídé tún fi ọ̀rọ̀ fífọ páànẹ́lì ní àárọ̀ kùtù ránṣẹ́. Gbémiga mú ọ̀rọ̀ ilá àti èlùbọ́ wá ní orúkọ ara rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ó tún dọ́gbọ́n fi nọ́ńbà fóònù sí i, Adétutù bi í pé, "Ṣé páànẹ́lì ló fẹ́ pè yín ni?" Ó yọ ọ́ kíákíá. Ṣèyífúnmi kọ bí ènìyàn á ṣe rọra pa iná kó tó fọ̀ ọ́, àdúrà rẹ̀ sì kù sínú ọkàn rẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Martha ka gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ó sì mú kí wọ́n tún gbólóhùn kan kọ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí Adétutù fi kọ ọ́ pé, "Ó ti wọlé. Ẹ kú àáró o."

Ní Pónyàn lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá pé sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ìwòsàn. Lois dìde, ó ka ojú ìwé tuntun náà láti orí fóònù. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Màmá Rejoice ní, "Ìwé ti tẹ́lẹ̀ náà ni?"

"Òun náà ni."

"Ta ló yí i?"

Lois wo fóònù. "Orúkọ ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Yéjídé ni àkọ́kọ́."

Ariwo sọ. Ìyá kan ní, "Ṣé ìwọ lo lọ kọ ohun tí o fẹ́ ká ṣe, o wá ní ìwé ló wí i?" Yéjídé dìde. Kò tilẹ̀ rò ó rí pé wọ́n lè gbà á báyìí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Lois, ó tẹ ibì kan tí wọ́n ń pa ìtàn iṣẹ́ náà mọ́ sí, ó sì kà á sókè, kò fo ibi tó tini lójú. Ó ka ibi tí òun ti kọ ọ̀sán gangan àti omi tútù. Ó ka ìbéèrè Adétutù nípa dígí. Ó ka ibi tí wọ́n ti ti ojú ìwé òun pa, àti ìdí rẹ̀. Ó ka àforíjì rẹ̀.

"Wọ́n bá ọ wí?" Màmá Rejoice bèèrè.

"Wọ́n bá mi wí, Màmá. Mo sì gbọ́."

"Ẹni tó wá tú ẹ̀rọ ìlọta wa, kò sẹ́ni tó lè bá a wí." Ìyá àgbà náà wo àwọn yòókù yíká. "Ẹni tó gba ìbáwí, tó tún kà á fún wa létí, n ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ńkọ́?" Wọ́n nawọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá tó pariwo.

Ayọ̀ gbé Yéjídé. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó ri aṣọ bọ inú korobá omi, ó gbé e sókè sójú páànẹ́lì tó ń jó fòfò nínú oòrùn. Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Màmá Rejoice ni, ó ń mí hẹlẹ.

"Àárọ̀ kùtù ni ìwé wí."

Yéjídé wo aṣọ tútù, ó wo oòrùn tó wà ní àárín orí, ó wo ìyá àgbà tí kò tíì fi òun sílẹ̀. Ó da omi náà sídìí máńgòrò, ó sì sùn sílé Lois mọ́jú. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì là dáadáa tí àwọn ìyá fi dé pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀, wọ́n rọra fọ eruku oṣù bíi mélòó kan kúrò, ó ń ṣàn lọ ní pupa. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, fíríìjì ti tutù tó bí ó ṣe yẹ. Lois tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kì í fi nǹkan jáfara, lẹ́yìn náà ó pe Ìsánlú, ó ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ Pónyàn padà wá sílé.